Ohun Tí Ọ̀dà Kò Bò: Ìrántí Àwọn Ayàfọ́tò Ọjọ́ Ìṣílẹ̀kùn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Láti ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ti parí ní 1945 títí di nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980, àṣà kan gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó so iṣẹ́ irin, fàájì àti fọ́tò yíyà pọ̀ ṣọ̀kan. Ní ọjọ́ kan tàbí méjì láàárín ọdún, àwọn ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ti ń rọ ẹ́ńjìnnì rélùwéè, tàbí tí wọ́n ti ń fi bàálù tuntun han aráyé a máa ṣí ilẹ̀kùn wọn sílẹ̀ fún tọmọdé tàgbà, kí àwọn tí owó orí wọn ń gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ró lè fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ọjọ́ ìṣílẹ̀kùn ni orúkọ tí ó bá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mu. Láàárín èrò tí ń rọ́ wọlé ni a ti máa ń rí àwọn kan tí kì í ṣe ìran nìkan ni wọ́n wá wò: àwọn tí wọ́n gbé kámẹ́rà kọ́rùn, tí wọ́n kó fíìmù sápò, tí wọ́n sì mú ìwé pélébé dání láti kọ nọ́ńbà ohun gbogbo tí wọ́n bá yà sílẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn wọ̀nyí ṣe ju eré ọwọ́ dilẹ̀ lọ, nítorí pé ohun tí onílé bá fẹ́ kí àlejò rí ni onílé máa ń kùn lọ́dà, ṣùgbọ́n kámẹ́rà wọn a máa gbé èyí tí onílé kò kùn pamọ́ pẹ̀lú, èyí tí kò kùn yìí gan-an ni ó sì di ẹ̀rí tí ó ṣe pàtàkì jù lẹ́yìn tí ọgbà àti onílé ti kógbá sílé.

Kí ìtumọ̀ ìṣílẹ̀kùn tó lè yéni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀kùn náà ṣe le tó. Òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1911 lórí àṣírí ìjọba ka ibùdó ọkọ̀ ogun, ilé iṣẹ́ ohun ìjà àti pápá bàálù àwọn ológun sí ibi èèwọ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó bá ya àwòrán ibẹ̀ láìgbàṣẹ, tí wọ́n sì rí i pé àwòrán náà lè ṣe ọ̀tá láǹfààní, lè bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́. Ní ti rélùwéè, tí ó di ti ìjọba ní ọjọ́ kìíní oṣù Kínní 1948, ewu ni ó ń ti ilẹ̀kùn ju àṣírí lọ, nítorí pé inú ilé tí kìréènì ti ń gbé ẹ́ńjìnnì tí ó wúwo tó nǹkan bí 100 tọ́ọ̀nù kọjá lókè orí ènìyàn kì í ṣe ibi tí a ń mú ọmọ wá ṣeré. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó fẹ́ràn irin, tí kò sì bá wọn ṣiṣẹ́, fi ní láti dúró de ọjọ́ tí wọ́n bá dá, kí ó san owó ìwọlé, tí wọ́n sábà máa ń fi ran opó, ọmọ òrukàn àti àwọn aláìní lọ́wọ́, kí ó tó lè wọlé pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Fún àwọn wọ̀nyí, àfojúbà nìkan pàápàá kò tó, àfi bí ó bá wà lórí fíìmù.

Àwọn ọmọ ogun ojú omi wà lára àwọn tí ó tètè sọ ọ́ di àṣà ọdọọdún. Ní ìparí àwọn ọdún 1920 ni wọ́n dá Navy Week sílẹ̀, ìyẹn Ọ̀sẹ̀ Ọmọ Ogun Ojú Omi, ní Portsmouth, Plymouth àti Chatham, èbúté mẹ́ta tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ilé. Lẹ́yìn ogun, ọ̀sẹ̀ náà di ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Navy Days. Ní Portsmouth, àlejò lè kọ́kọ́ wo HMS Victory, ọkọ̀ onígi tí Ọ̀gágun Nelson kú sí nínú ogun Trafalgar ní 1805, tí ó ti wà láti 1922 nínú kòtò ńlá tí wọ́n fi òkúta kọ́, tí wọ́n sì fa omi inú rẹ̀ gbẹ kí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lè ṣe é tọ́jú. Lẹ́yìn náà ni yóò wá kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ̀ onírin tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, tí àwọn ọmọ ogun inú wọn dúró lẹ́bàá àtẹ̀gùn láti ṣàlàyé ìbọn àti ẹ̀rọ fún ẹni tí ó bá béèrè.

Ọkọ̀ ojú omi kò rọrùn láti yà. Ó gùn, ó ga, ó sì so mọ́ ẹ̀bá èbúté níbi tí ayàfọ́tò kò ti ní àyè láti fà sẹ́yìn, nítorí náà, bí ó bá ya iwájú rẹ̀, kò ní rí ẹ̀yìn, bí ó bá sì gbé kámẹ́rà sókè láti rí orí òpó, òpó náà a dà bí ohun tí ó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn nínú àwòrán. Ọ̀dà eérú tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ ogun, kí ó lè bá àwọ̀ òkun dọ́gba lójú ọ̀tá, kò ran ayàfọ́tò lọ́wọ́ rárá, pàápàá ní ilẹ̀ tí òfurufú náà ti sábà máa ń rí bí eérú. Ọgbọ́n tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà dá ni pé kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin inú ọgbà fún àwòrán ohun kéékèèké bí ìbọn àti ìdákọ̀ró, kí wọ́n sì gba ojú omi lọ nínú ọkọ̀ kékeré, tàbí kí wọ́n dúró sórí Round Tower, ilé ìṣọ́ àtijọ́ tí ó wà lẹ́nu èbúté Portsmouth, níbi tí gbogbo ọkọ̀ tí ń wọlé tàbí tí ń jáde ti ní láti kọjá nítòsí. Lára ìhà ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ka lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a fi ń dá a mọ̀: R ni ti ọkọ̀ tí bàálù ń fò láti orí rẹ̀, F sì ni ti àwọn ọkọ̀ ogun tí kò tóbi púpọ̀ tí ń sin ọkọ̀ mìíràn lọ, ẹni tí ó bá rí R09 mọ̀ pé HMS Ark Royal ni ó ń wò.

Ní ti rélùwéè, Crewe àti Swindon, tí ọgbà ẹ̀rọ wọn ti ń ṣiṣẹ́ láti 1843, àti Doncaster, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1853, ni orúkọ mẹ́ta tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ayàfọ́tò. Ó ju 7,000 ẹ́ńjìnnì eléèdú lọ tí wọ́n rọ ní Crewe nìkan, ìyẹn irú ẹ́ńjìnnì tí ń jó èédú láti se omi, tí agbára ooru omi náà sì ń ti ọ̀pá irin tí ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní Doncaster ni wọ́n ti rọ Flying Scotsman ní 1923, ibẹ̀ náà sì ni Mallard ti jáde ní 1938, èyí tí ó sáré dé máìlì 126 ní wákàtí kan ní ọjọ́ kẹta oṣù Keje ọdún náà, tí kò sì sí ẹ́ńjìnnì eléèdú mìíràn tí a gbà pé ó bá a. Bí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ bá wà níta ní ọjọ́ ìṣílẹ̀kùn, èrò a yí i ká débi pé ayàfọ́tò a dúró ní ojú kan fún ìgbà pípẹ́, kí àyè kékeré kan tó ṣí sílẹ̀ láàárín bàbá tí ń gbé ọmọ sókè àti ọmọ tí ń gun àtẹ̀gùn irin lọ sí ibi tí awakọ̀ ń jókòó.

Àwọn ayàfọ́tò rélùwéè ní ìlànà tí wọ́n jọ gbà, tí àwọn àgbà fi ń kọ́ àwọn ọmọdé láìsí ilé ẹ̀kọ́. Kí oòrùn wà lẹ́yìn ẹni tí ń yà. Kí ó dúró ní igun iwájú, kí imú àti ìhà ẹ́ńjìnnì lè jọ hàn. Kí ọ̀pá irin tí ó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ pọ̀ wà nísàlẹ̀, kí ó má bàa dá ẹsẹ̀ náà sí méjì lójú. Kí nọ́ńbà sì hàn ketekete. Níta gbangba, ó ṣeé ṣe láti pa gbogbo rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n inú ilé iṣẹ́, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba gíláàsì orí òrùlé tí èéfín ti sọ di dúdú wọlé, ìṣòro mìíràn ni. Ẹ́ńjìnnì dúdú nínú òkùnkùn ń fẹ́ kí ojú kámẹ́rà là sílẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ọwọ́ ènìyàn kò lè dúró jẹ́ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí èrò kò sì ní yé fi ẹsẹ̀ kọ igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé. Nítorí náà, àwọn mìíràn a fi èjìká ti òpó irin, wọn a sé èémí, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì fún ìdánilójú. Òórùn epo gbígbóná, dídún òòlù níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń fi iṣẹ́ han àlejò, àti pípọ̀ eruku irin lára aṣọ wà lára ohun tí fíìmù kò lè gbà, ṣùgbọ́n tí àwọn tí ó wà níbẹ̀ kò gbàgbé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀dà ti wọlé nìyí. Gbogbo ọgbà ni ó máa ń múra sílẹ̀ de àlejò: wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á nu irin títí yóò fi dán, wọ́n á sì gbé èyí tí ó dára jù síwájú. Ní oṣù Kẹta 1960, Swindon parí Evening Star, ẹ́ńjìnnì eléèdú tí ó kẹ́yìn gbogbo èyí tí wọ́n rọ fún rélùwéè ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, wọ́n sì fi bàbà yí ẹnu ọ̀nà èéfín rẹ̀ ká. Ní oṣù Kejì 1967, Crewe tún ẹ́ńjìnnì eléèdú tí wọ́n ń pè ní Oliver Cromwell ṣe tán, òun náà sì ni ó kẹ́yìn irú rẹ̀ tí wọ́n ṣàtúnṣe sí. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹjọ 1968, ìrìn àjò ìdágbére parí, ẹ́ńjìnnì eléèdú sì dẹ́kun lórí ojú irin ńlá ti ìjọba. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹni tí ó bá rin kọjá ibi tí wọ́n to ẹ́ńjìnnì dídán sí, tí ó sì yí ẹ̀yìn ilé wò, yóò bá àwọn tí wọ́n ti kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ní ìlà, tí ìpẹtà ti bò, tí wọ́n ti yọ nọ́ńbà idẹ ara wọn, tí ń dúró de iná tí a fi ń gé irin.

Àpẹẹrẹ tí ó fi èyí hàn jù ni ti àwọn ẹ́ńjìnnì dísù tí wọ́n ń pè ní Western, mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n, tí Swindon àti Crewe rọ láàárín 1961 sí 1964 láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì eléèdú. Epo tí ń yí nínú ẹ̀rọ ni ó ń gbé agbára wọn dé ẹsẹ̀, dípò iná mànàmáná tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn dísù yòókù ń lò, ìyàtọ̀ yìí sì mú kí ìtọ́jú wọn ṣòro láàárín ẹbí tí kò bá wọn mu. Ní oṣù Kejì 1977, èyí tí ó ṣẹ́kù nínú wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, Swindon ni wọ́n sì kó èyí tí ó pọ̀ jù lára wọn lọ láti fọ́: ọgbà tí ó bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó pa wọ́n jẹ. Kò sí ilé iṣẹ́ tí ń pe àlejò wá wo irú ìtìjú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí wọ́n ṣe lè fi aṣọ bò ó, nítorí náà, àwọn ayàfọ́tò yà á. Àwọn alákòóso lè rò pé fíìmù ń ṣòfò lórí pàǹtí irin. Lójú àwọn tí ń yà á, ẹ́ńjìnnì tí ń dán lónìí yóò ṣì wà lọ́dún tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lẹ́yìn ilé lè má dé ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Bàálù ní tirẹ̀ gba ọgbọ́n mìíràn. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe bàálù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ àfihàn wọn ní Hendon ní 1932, wọ́n gbé e lọ sí Farnborough ní 1948, ọdọọdún ni wọ́n sì ń ṣe é níbẹ̀ títí di 1962, kí ó tó di ọdún méjì-méjì. Àwọn oníṣòwò ni wọ́n dá ọjà náà sílẹ̀ fún, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aráàlú ni èrò ń pọ̀ jù. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹsàn-án 1952, bàálù ogun kan tí ó jẹ́ DH.110 já sí wẹ́wẹ́ lójú òfurufú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì bọ́ sáàárín èrò. Ènìyàn 31 ni ó kú, tí àwọn méjì tí ó wà nínú bàálù náà sì wà lára wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mú òfin le, tí wọ́n mú bàálù jìnnà sí èrò, tí wọn kò sì jẹ́ kí ó máa forí lé ibi tí ènìyàn wà bí ó bá ń dárà. Ìdáàbòbò ẹ̀mí ni èyí, ó sì yí iṣẹ́ ayàfọ́tò padà, nítorí pé lẹ́ńsì tí ó tó tẹ́lẹ̀ kò tó mọ́, ẹni tí kò bá ní lẹ́ńsì gígùn tí ń fa ohun tí ó jìnnà súnmọ́ yóò darí sílé pẹ̀lú òfurufú tí àmì dúdú kan wà láàárín rẹ̀.

Bí bàálù bá ń kọjá, ayàfọ́tò kì í dúró dè é sójú kan; yóò gbá a mú nínú kámẹ́rà láti òkèèrè, yóò máa yí ìbàdí tẹ̀ lé e ní ìwọ̀n eré tí ó ń bá bọ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó bá dé ọ̀gangan rẹ̀, kò sì ní dáwọ́ yíyí dúró títí yóò fi kọjá. Bàálù tí ń lo abẹ̀bẹ̀ irin ní èèwọ̀ tirẹ̀: bí ojú kámẹ́rà bá ṣí tí ó sì pa dé ní ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, abẹ̀bẹ̀ náà a dúró gbagidi nínú àwòrán, bàálù a sì dà bí ohun tí wọ́n fi okùn gbé kọ́, nítorí náà ni wọ́n fi ń dín eré kámẹ́rà kù, kí abẹ̀bẹ̀ lè hàn bí ohun tí ń yí. Ní 1970, nígbà tí Concorde, bàálù èrò tí eré rẹ̀ ju ti ìró lọ, fò ní Farnborough, ọgbọ́n yíyí tẹ̀ lé bàálù yìí ni wọ́n lò.

Owó ni ó kọ́ gbogbo wọn ní sùúrù. Fíìmù tí ó wọ́pọ̀ jù kì í gbà ju àwòrán 36 lọ, àwọn kámẹ́rà alápòótí àtijọ́ sì ń gba mẹ́jọ péré. Kodachrome, fíìmù aláwọ̀ tí Kodak gbé jáde ní 1935 fún sinimá, tí ó sì dé ọ̀dọ̀ ayàfọ́tò ní 1936, ni ọ̀pọ̀ fẹ́ràn jù nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ kì í tètè ṣí, ṣùgbọ́n ó lọ́ra láti gba ìmọ́lẹ̀, àní lẹ́yìn àtúnṣe 1961, débi pé ìkùukùu kan ṣoṣo lè ba iṣẹ́ ọjọ́ náà jẹ́. Wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ Kodak nínú póòsù, wọ́n á sì máa retí rẹ̀ láìmọ̀ bóyá ohun tí wọ́n yà jáde. Ẹni tí àwòrán 36 péré ni ọrọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ kan kì í dédé tẹ kámẹ́rà. Yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ tó ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹ́kù.

Ìwé pélébé inú àpò wọn ṣe pàtàkì tó kámẹ́rà. Láti 1942, nígbà tí Ian Allan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, tẹ ìwé kékeré kan tí ó to nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹẹsẹ jáde, kíkọ nọ́ńbà ti di eré tí àìmọye ọmọkùnrin ń ṣe ní ẹ̀bá ojú irin. Àṣà yìí ni ó mú kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà, ọjọ́ àti ibi sí ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́yìn lè dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́rìí. Èyí tí ó ní i ń sọ pé ẹ́ńjìnnì báyìí wà ní ọgbà báyìí ní ọjọ́ báyìí, ọ̀dà rẹ̀ rí báyìí, irin báyìí sì ti kúrò lára rẹ̀.

Àwọn kan nínú ọgbà wọ̀nyí kò pẹ́ pa dé. Shildon, níbi tí èrò ti kún fọ́fọ́ ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ 1975 láti wo ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ṣe àjọ̀dún 150 rélùwéè Stockton sí Darlington, ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní 1984. Ọdún náà ni èbúté ọkọ̀ ogun Chatham kógbá sílé, Swindon sì tẹ̀ lé wọn ní 1986. Nígbà tí rélùwéè kúrò lọ́wọ́ ìjọba láàárín àwọn ọdún 1990, ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún aráàlú wá dín kù. Ìfura náà sì ń pọ̀ sí i: ní oṣù Kọkànlá 2001, àwọn ọlọ́pàá mú ọmọ Gẹ̀ẹ́sì 12 àti ọmọ Netherlands méjì ní Kalamata ní ilẹ̀ Gíríìsì, ní ọjọ́ ìṣílẹ̀kùn ibùdó bàálù ológun, wọ́n sì fẹ̀sùn amí kàn wọ́n nítorí nọ́ńbà bàálù tí wọ́n ń kọ. Ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dá wọn sílẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ fàájì ní Farnborough ti di ohun tí ó ń ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ àṣà náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá ju bí ó ti hàn lójú lọ. Rélùwéè tí ó gbéra ní Èkó, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń lò. Lẹ́yìn ogun, ilé iṣẹ́ Vulcan Foundry ní Newton-le-Willows wà lára àwọn tí ó rọ àwọn ẹ́ńjìnnì River, tí a fi orúkọ odò pè, fún rélùwéè Nàìjíríà. Aureol, ọkọ̀ tí ó kó ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Èkó lọ sí Liverpool láti 1951, Glasgow ni wọ́n ti kàn án, Portsmouth sì ni wọ́n ti kan ọkọ̀ ogun Dorina fún Nàìjíríà. Òfin àṣírí ìjọba tí Nàìjíríà ṣe ní 1962 gba èrò òfin Gẹ̀ẹ́sì náà pé fọ́tò ibi ìjọba kan lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà ìṣílẹ̀kùn kò bá a wọlé tó bẹ́ẹ̀. Ní Ebute-Metta, ẹgbẹ́ Legacy ti tún Jaekel House, ilé àtijọ́ kan nínú ọgbà rélùwéè, ṣe láti tọ́jú ìtàn iṣẹ́ náà, fọ́tò sì wà lára ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ nílò jù.

Àǹfààní iṣẹ́ àwọn ayàfọ́tò náà kò sì dúró sí inú àpótí wọn. Ẹ́ńjìnnì 213 ni àwọn olùfẹ́ rélùwéè gbà sílẹ̀ nínú ọgbà pàǹtí irin kan ṣoṣo ní Barry ní ilẹ̀ Wales, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti pàdánù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà ara wọn. Àwọn tí ń tún irú irin bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń wá fọ́tò láti mọ ibi tí páìpù kan gbà, bí ọwọ́ ìṣí kan ti tẹ̀, àti ọ̀dà tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì kan ní ọdún kan pàtó. Àwòrán tí ilé iṣẹ́ yà fún ìpolówó kì í sábà dáhùn irú ìbéèrè wọ̀nyí, nítorí pé ìpolówó kì í fi ìpẹtà hàn; ẹni tí ó san owó ìwọlé, tí ó sì rin dé ẹ̀yìn ilé, ni ó ní ìdáhùn. Bí ilé iṣẹ́ kan bá tún fẹ́ ṣílẹ̀kùn lóde òní, ìbáà jẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Èkó, ẹ̀kọ́ ìgbà náà ni pé kí ó jẹ́ kí àlejò rìn kọjá ibi tí ọ̀dà mọ.